Kí N Tó Mú Odunze

Lọ́dún 2020, nínú líìgì fantasy wa, níbi tí a ti ń fi orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù NFL ti Amẹ́ríkà kó àmì jọ, mo fi Justin Jefferson sílẹ̀, mo mú Bísí Johnson. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, ẹ rẹ́rìn-ín yín tán, mo ń dúró. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n, ẹ ṣe sùúrù díẹ̀, ó máa tó kàn yín.

Ọlábísí ni orúkọ Bísí ní kíkún. Ẹgbẹ́ Minnesota Vikings ló wà nígbà náà, Jefferson sì ni ọmọ tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wá láti yunifásítì LSU. Ìròyìn tó ń jáde ni pé Bísí ni yóò kọ́kọ́ máa bẹ̀rẹ̀ eré, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ rí i pé orí mi pé. Mo ní ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n kí n má tan ara mi jẹ: ká ní Robert ló ń jẹ́ ni, mi ò ní wo ibi tó wà lẹ́ẹ̀mejì. Mo rí Ọlá lára orúkọ ẹni tó ń ṣeré lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, orí mi wú, ó tán. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n gbé Jefferson wọlé, ó hán bọ́ọ̀lù méje, ó fi kó yáàdì 175 síwájú, ó sì jẹ touchdown kan, ìyẹn ni pé ó gbé bọ́ọ̀lù dé òpin pápá àwọn alátakò. Kí sáà tó parí, yáàdì rẹ̀ ti pé 1,400. Bísí tèmi padà sórí bẹ́ǹṣì. Ará Texas kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn níbí ní Houston ló mú Jefferson lẹ́yìn mi. Títí di òní, tó bá pàdé mi lọ́nà yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, "Bísí" ló ń pè mí.

Sáà 2025 ò tíì bẹ̀rẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí, ọ̀sẹ̀ yìí la sì tún fẹ́ ṣe draft rẹ̀, ìyẹn ìpàdé tí a ti ń yan àwọn agbábọ́ọ̀lù, orúkọ kan sì tún wà tó ń fà mí. Rome Odunze, wide receiver Chicago Bears. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí, kí n lè wọn ọ̀rọ̀ náà lójú gbogbo ayé kí n tó fọwọ́ tẹ nǹkan lórí fóònù.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe Fantasy Premier League nílé. Ti yín, gbogbo ayé ló lè ní Salah. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Àwa 12 la wà nínú líìgì wa, ẹni tó bá kọ́kọ́ dárúkọ agbábọ́ọ̀lù ló ni ín, ẹlòmíì ò tún lè fọwọ́ kàn án. A ó mú láti orí ẹni kìíní dé orí ẹni kejìlá, ẹni kejìlá á mú ẹ̀ẹ̀mejì léra wọn, a ó wá máa padà bọ̀ sọ́dọ̀ ẹni kìíní, bí ejò ṣe ń ká. Nítorí náà kì í ṣe bí èèyàn ṣe dára tó nìkan lo máa rò. Wàá ro ìgbà tó yẹ kó o mú un. Bó o bá yá jù, o ti fi owó ẹran ra eegun. Bó o bá pẹ́, Ará Texas ti gbé e lọ.

Wide receiver ni ẹni tó máa ń sáré jáde kí quarterback lè ju bọ́ọ̀lù sí i. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó bọ́ mọ́ ẹni tó ń ṣọ́ ọ lọ́wọ́, kó sì hán bọ́ọ̀lù náà kó tó kan ilẹ̀. Nínú líìgì tiwa, bọ́ọ̀lù kan tó bá hán, àmì kan. Yáàdì mẹ́wàá, àmì kan. Touchdown, àmì mẹ́fà. Gbogbo òfin tó kù, ẹ fi sílẹ̀, wọn ò ní jẹ́ ká sùn lónìí.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan wà ní Ìbàdàn tá a máa ń pè ní Bàbá Oníkọ́ọ̀pọ̀n. Pool ló ń kọ. Ní ìrọ̀lẹ́ Thursday, á tẹ́ ìwé rẹ̀ sórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, báírò pupa lọ́wọ́ ọ̀tún, èsì ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sẹ́yìn lábẹ́ orúnkún kó má bàa fẹ́ lọ. Bàbá ò mọ ibi tí Stenhousemuir wà láyé. Ó tilẹ̀ ń pè é ní orúkọ kan tí mi ò lè kọ síbí. Ṣùgbọ́n ó mọ iye ìgbà tí wọ́n ti ta ọ̀mì nílé láti ìgbà Kérésìmesì. Arsenal ló fẹ́ràn ju gbogbo ẹgbẹ́ lọ, síbẹ̀ mi ò rí i rí kó fi báírò pupa yẹn kan nọ́ńbà Arsenal. Mo bi í lọ́jọ́ kan ìdí ẹ̀. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Ìyẹn, mo máa ń gbọ́ tiwọn ní rédíò ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mi ò rántí lọ́dún 2020.

Odunze kì í ṣe ọmọ Yorùbá, orúkọ Ígbò ni, ṣùgbọ́n ojú Yorùbá tó bá wò ó láti ọ̀kánkán á ka "ọdún" sí i dandan. Las Vegas ló dàgbà sí. Ní Yunifásítì Washington lọ́dún 2023, ó hán bọ́ọ̀lù 92, ó fi kó yáàdì 1,640, kò sì sí ẹni tó kó tó bẹ́ẹ̀ nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ ńlá lọ́dún náà. Ẹ tún wò ó pé kì í ṣe òun nìkan ló jókòó sídìí abọ́ níbẹ̀. Ja'Lynn Polk àti Jalen McMillan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, NFL sì mú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́dún kan náà. Chicago fi ìyàn kẹsàn-án (ìyẹn ni pé òun ni ẹni kẹsàn-án tí wọ́n yàn nínú draft NFL) mú Odunze ní 2024, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ìyàn kìíní mú Caleb Williams tí yóò máa ju bọ́ọ̀lù sí i.

Lẹ́yìn náà ni sáà àkọ́kọ́ dé. Bọ́ọ̀lù 54, yáàdì 734, touchdown mẹ́ta. Tẹ́ ẹ bá fi ìṣirò tiwa rò ó, 54 pẹ̀lú 73.4 pẹ̀lú 18, ó jẹ́ 145.4. Pín in sí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 17, ó kù díẹ̀ kó pé mẹ́sàn-án lọ́sẹ̀ kan. Ẹni tó ń fún ọ ní mẹ́sàn-án, kò lè pa ọ́, kò sì lè gbà ọ́. Ó tún burú díẹ̀ jùyẹn lọ, torí 23.2 nínú rẹ̀ jáde lọ́jọ́ kan ṣoṣo, lọ́dọ̀ Colts ní ọ̀sẹ̀ kẹta, nígbà tó kó yáàdì 112 tó sì jẹ touchdown àkọ́kọ́ rẹ̀. Ẹ yọ ọjọ́ yẹn kúrò, kẹ́ ẹ wo ohun tó kù fún ọ̀sẹ̀ 16.

Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ wò ni iye ìgbà tí wọ́n ju bọ́ọ̀lù sí èèyàn, kí n tó wo iye tó hán. Bọ́ọ̀lù tí wọn ò jù sí ọ, ọwọ́ rẹ ì báà lẹ̀ bí oje, kò ní já mọ́ nǹkan kan. Ní Chicago lọ́dún 2024, ìgbà 140 ni wọ́n ju bọ́ọ̀lù sí DJ Moore. Wọ́n ju 121 sí Keenan Allen. Odunze rí 101. Abọ́ kan, ọmọ mẹ́ta, èyí tó kéré jù ló sì ń jẹ kẹ́yìn, bó ṣe máa ń rí. Allen ti lọ báyìí, ó ti padà sọ́dọ̀ Chargers. Bọ́ọ̀lù 121 wà nílẹ̀ tí ò ní ọ̀gá.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń sáré. Wọ́n á kó gbogbo 121 yẹn lé Odunze lórí, wọ́n á ní ó ti dé nìyẹn. Mo bá ọkàn mi jà lórí ìyẹn. Chicago ò kàn fi àyè Allen sílẹ̀ lófìfo. Ní oṣù kẹrin, wọ́n fi ìyàn kẹwàá mú Colston Loveland, tight end (ẹni tó ń dènà alátakò tó sì tún ń hán bọ́ọ̀lù), wọ́n sì tún mú Luther Burden, receiver, ní ìpele kejì. Wọ́n gba Olamide Zaccheaus náà. (Ẹ rọra, mo mọ̀. Mo ń bọ̀ wá sórí rẹ̀.) Ọmọ kan dìde nídìí abọ́, mẹ́ta jókòó.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun tó wá, Ben Johnson, kì í ṣe ẹni tó ń fi oúnjẹ fún ẹnì kan ṣoṣo. Òun ló ń darí ìkọlù Detroit láti 2022 títí dé 2024, ẹgbẹ́ yẹn sì jẹ àmì 564 ní 2024, wọn ò lẹ́gbẹ́ nínú NFL lọ́dún náà. Amon-Ra St. Brown hán bọ́ọ̀lù 115 lábẹ́ rẹ̀. Jameson Williams kó yáàdì 1,001. Ní 2023, Sam LaPorta, tight end tó jẹ́ ọmọ tuntun pátápátá, hán 86, ó sì jẹ touchdown mẹ́wàá. Tí mo bá rántí LaPorta, tí mo wá wo Loveland, ara mi ò lélẹ̀. Ṣùgbọ́n ìkòkò tí ọkùnrin yìí ń gbé kaná tóbi. Mo fẹ́ kí èèyàn mi jẹ ẹ̀kẹta nídìí ìkòkò ńlá ju kó jẹ ìdajì nídìí ìkòkò kékeré lọ.

Ẹ wo bí ìkòkò Chicago ṣe kéré tó látẹ̀yìnwá. Ẹgbẹ́ yìí ti wà láti ọdún 1920, kò tíì sí quarterback wọn kan tó ju yáàdì 4,000 nínú sáà kan. Títí di ìparí sáà 2024, Erik Kramer ló súnmọ́ ọn jù, 3,838 lọ́dún 1995. Ọgbọ̀n ọdún rèé. Williams ju 3,541 ní sáà tó kọjá, ìgbà 68 ni wọ́n sì gbé e ṣánlẹ̀ kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tí wọ́n gbé ṣánlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún náà. Receiver tó ń sá lọ sí iwájú jìnnà bíi Odunze nílò kí quarterback ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta tàbí mẹ́rin lórí ìdúró. Williams ò ní in. Ẹgbẹ́ náà pàdánù ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́wàá léra wọn, wọ́n sì lé akọ́nimọ̀ọ́gbá lọ láàárín sáà, ohun tí wọn ò ṣe rí láti ìgbà tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀.

Ní báyìí, wọ́n ti gba Joe Thuney láti Kansas City, Jonah Jackson láti Rams, àti Drew Dalman láti Atlanta, àwọn mẹ́ta tí yóò dúró gbọn-in níwájú Williams. Nínú gbogbo ohun tí Chicago ṣe lọ́dún yìí, èyí ló wú mi lórí jù fún Odunze, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni ò ní rí orúkọ àwọn mẹ́ta wọ̀nyí lójú ewé àmì receiver kankan. Mo gbé Houston, ojú mi ló ṣe nígbà ti Nico Collins. Ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ pẹ̀lú Texans, yáàdì 446. Ọdún kejì, 481. Gbogbo wa ti ń pè é ní ẹlẹ́ran ara lásán. C.J. Stroud, quarterback tuntun, dé ní 2023, bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ síbi tó yẹ kó bọ́ sí, Collins kó 1,297. Ẹsẹ̀ kan náà ni, ọwọ́ kan náà ni. Ẹni tó ń jù ú ló yí padà.

Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí n gbẹjọ́ rò fún un jù. Bọ́ọ̀lù 101 tí wọ́n jù sí Odunze, 54 ló hán, ó fi díẹ̀ lé ní ìdajì. Wọ́n ju 140 sí Moore, ó hán 98. Ọwọ́ ẹnì kan náà ló ju ti àwọn méjèèjì. Nítorí náà mi ò lè kó gbogbo ẹ̀bi lé Williams lórí kí n sì sùn. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ ti Moore ló jẹ́ bọ́ọ̀lù kúkúrú, tí wọ́n kàn fi lé e lọ́wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilà, ti Odunze sì ń wá láti ọ̀nà jíjìn. Bọ́ọ̀lù jíjìn máa ń ṣubú. Mo lo òru méjì lẹ́nu iṣẹ́ láti wo wọn lórí fóònù, nígbà tí ẹ̀rọ ń yí ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́. Mo máa ń dá a dúró síbi tí bọ́ọ̀lù ti fẹ́ dé, mo ń fi ìka sún un síwájú sẹ́yìn. Àwọn kan kọjá lórí rẹ̀ bí ẹyẹ. Àwọn kan jáde sí ẹ̀yìn ilà kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó débẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tó kan àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tí kò dì mú, àwọn kan sì wà tí ẹni tó ń ṣọ́ ọ ò jìnnà sí i rárá, ìyẹn ni pé kò bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìyẹn ò kan Williams.

Ṣé kí n wá fìyẹn kọ̀ ọ́? Ibẹ̀ ni ìrántí Ja'Marr Chase ti ń dí mi lọ́wọ́.

Lẹ́yìn ti Bísí, mo búra pé ẹ̀rí nìkan ni màá máa tẹ̀ lé. August 2021 dé. Chase, tí kò ṣeré rárá ní 2020, ti dé Cincinnati, ó sì ń jẹ́ kí bọ́ọ̀lù bọ́ nínú àwọn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ìmúrasílẹ̀. Mẹ́ta lọ́jọ́ kan, lọ́dọ̀ Washington. Ó ní bọ́ọ̀lù NFL kò ní ilà funfun tí ti yunifásítì ní, pé kò tètè ń rí i. Gbogbo ayé fi ṣe ẹlẹ́yà. Mo ní ẹ̀rí nìyẹn. Nígbà tó kàn mí, mo fò ó, mo mú àgbà kan tí eegun rẹ̀ ti ń dún. Nọ́ọ̀sì kan láti ẹ̀ka pàjáwìrì mú Chase lẹ́yìn mi, ó kó yáàdì 1,455 fún un ní sáà náà.

Èmi àti nọ́ọ̀sì yẹn la pàdé ní àṣekágbá. January 2, 2022, Sunday àkọ́kọ́ nínú ọdún, ìdúpẹ́ ń lọ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Aago méjìlá ọ̀sán ti Houston ni Bengals, ẹgbẹ́ Chase ní Cincinnati, àti Chiefs bẹ̀rẹ̀. Mo fi fóònù sábẹ́ Bíbélì. Ó gbọ̀n. Chase, yáàdì 72, touchdown. A dìde, a jó lọ síwájú, mo ju ọrẹ mi sínú apẹ̀rẹ̀, mo padà, ó tún gbọ̀n. Touchdown kejì. Ìyàwó mi fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi níhà, torí mo ti sọ nǹkan kan tí wọn kì í sọ nílé Ọlọ́run. Ó tún jẹ ẹ̀kẹta, yáàdì 69. Lápá ìparí, Bengals wá nílò yáàdì 27 pẹ̀lú ìjù kan ṣoṣo, Chase hán èyí tó kó 30. Àpapọ̀: bọ́ọ̀lù 11, yáàdì 266, touchdown mẹ́ta. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. 55.6. Ẹni kan ṣoṣo. Àlùfáà ní ká bojú wẹ̀yìn ká rí ohun tí Olúwa ti ṣe fún wa lọ́dún tó lọ, mo bojú wẹ̀yìn, mo rí August.

Ẹ̀rí ni bọ́ọ̀lù mẹ́ta tó bọ́ lọ́jọ́ yẹn lóòótọ́. Ó kàn jẹ́ pé ẹ̀rí tí ò wúwo ni. Gbogbo ohun tó wúwo nípa Chase ló wà nílẹ̀ ní gbangba: ìyàn karùn-ún ni wọ́n fi mú un, Joe Burrow tó ti ń ju bọ́ọ̀lù sí i ní LSU ló tún ń jù ú sí i ní Cincinnati. Mo fi òṣùwọ̀n ata wọn àpò gaàrí.

Nítorí náà, Odunze. Èyí tó wúwo: ìyàn kẹsàn-án, ìyẹn ni pé owó ńlá ẹgbẹ́ wà lára rẹ̀, wọn ò ní tètè jókòó tì í. Ọdún kejì pẹ̀lú quarterback kan náà. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tó mọ bí wọ́n ṣe ń se oúnjẹ. Ògiri tuntun níwájú Williams. Èyí tó wúwo lódìkejì: Moore ṣì wà níbẹ̀, òun ni Williams sì mọ̀ jù, Loveland, àti ìdajì yẹn, 54 nínú 101, tí mi ò lè gbàgbé. Èyí tí ò wúwo: ohun yòówù tẹ́ ẹ bá rí nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ìmúrasílẹ̀, àti orúkọ rẹ̀.

Tí ẹ bá fipá mú mi pé kí n dárúkọ iye, màá ní bọ́ọ̀lù 75, yáàdì 1,000, touchdown méje. 217 nìyẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 13 lọ́sẹ̀ kan. Ìpele kẹfà ni màá mú un sí. Tó bá ṣẹ́kù dé ìkeje, màá fò sókè. Ní ìkarùn-ún, rárá, kí Ará Texas máa gbé e lọ. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni Chicago máa sinmi, ìyẹn ò ṣe nǹkan kan. Ti December ló ń kọ mí lóminú. Ọ̀sẹ̀ 15 àti 16, nígbà tí líìgì wa bá gbóná, Soldier Field, pápá ilé wọn, ni wọ́n wà, lẹ́bàá adágún, nínú atẹ́gùn tó lè gbé bọ́ọ̀lù jíjìn gba ọ̀nà mìíràn lọ.

Moore ńkọ́? Gbogbo èèyàn ló máa mú un ṣáájú Odunze, mi ò sì bá wọn jà. Mo kàn gbà pé ohun tó wà láàárín àwọn méjèèjì kéré sí iye tí wọ́n ń béèrè.

Ó ku Ọlámidé. December 2019, ó wà ní Atlanta nígbà náà, bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tó hán nínú NFL, yáàdì 93, touchdown. Mo pariwo nínú yàrá ìsinmi débi pé ẹnì kan yọjú wò bóyá aláìsàn ṣubú. Mo mú un lọ́jọ́ kejì. Bọ́ọ̀lù mẹ́ta péré ló hán ní gbogbo sáà yẹn. Lọ́dún tó kọjá ní Washington, ó hán 45, yáàdì 506, touchdown mẹ́ta, iṣẹ́ ọkùnrin tó mọṣẹ́. Ní Chicago, ẹni kẹrin tàbí ìkarùn-ún nídìí abọ́ ni. Tí mo bá fi báírò pupa wò ó, kò sí níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n àbúrò mi obìnrin ní ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́sàn-án kan ní London tó ń jẹ́ Ọlámidé. Ó ti wá orúkọ yẹn rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ti mọ yáàdì 93 yẹn lórí, ó sì ti ń pè mí láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. "Uncle, ẹ máa mú mi, àbí?" Mo ní a máa rò ó. Ìpele 16 ni draft wa ní, èyí tó kẹ́yìn yẹn ni ọ̀pọ̀ fi ń mú ẹni tí wọ́n máa já sílẹ̀ lọ́jọ́ kẹta. Mo ṣàlàyé fún un pé aago mẹ́jọ alẹ́ ti Houston la máa bẹ̀rẹ̀, aago méjì òru ni lọ́dọ̀ tiwọn, kó lọ sùn, màá sọ fún un láàárọ̀. Ìyá rẹ̀ ní ó ti fi áláàmù sábẹ́ ìrọ̀rí.